Iyọ̀ Tí Mo Dà Sómi Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìwọ tí o ṣí ìwé yìí, mo kìlọ̀ fún ẹ. Tí o bá wà lára àwọn tó ń pè mí ní ènìyàn rere, pa á dé, kí o lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Tí o bá sì fẹ́ kà á, kà á dé òpin. Má dúró ní ìdajì kí o máa káàánú mi, torí ìdajì rẹ̀ ò tíì burú tó. Ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni mo fi ń kọ ọ́. Lóòótọ́ ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló fà á. Dókítà ojú ló sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ojú mi ti ń kú lọ láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, bíi ti ẹ̀gbọ́n mi gẹ́lẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo ṣe ń kọ̀wé ni mò ń wo ilẹ̀kùn, torí ẹ̀gbọ́n mi wà ní yàrá kejì, etí wọn sì mú. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa gbọ́ ìró bírò mi lórí tábìlì báyìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá wa kú, àwọn ti pé ogún ọdún. Aránṣọ ni wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wà, wọn á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọn á máa fi ẹnu bá mi ka ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mi. Tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kà, ẹ̀rọ á dúró. Èmi ní tèmi, alágbàfọ̀ ni mí. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti wà ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan, tí mò ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tí mò ń lọ aṣọ dókítà. Mo mọ ọṣẹ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe mọ abẹ́rẹ́.

Ọdún kẹjọ rèé tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó dà bí ẹni tó ń wo ayé láti inú páìpù. Dókítà pe èmi nìkan sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, “Tí nǹkan kan bá wà tó wù wọ́n láti rí, ẹ má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.” Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Nǹkan tó wu ẹ̀gbọ́n mi láti rí ò ṣòro: wọn ò rí òkun rí. Wọ́n ti gé àwòrán kan lára kàlẹ́ńdà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ. Àgọ́ roboto mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, létí òkun. Kì í ṣe irú àgọ́ àwọn sójà. Aṣọ tó nípọn ni wọ́n ta yí igi po, ó ní ilẹ̀kùn pákó, ó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù, gíláàsì rìbìtì kan sì wà lókè tí èèyàn lè dùbúlẹ̀ kó máa wo ojú ọ̀run. Ẹ̀gbọ́n mi á sún mọ́ àwòrán náà títí imú wọn á fi kàn án. “Wo ojú rírán yẹn. Ìlọ́po méjì ni. Ta ló rán an? Mo fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ yẹn kí n sì jáde síta kí n rí omi.”

Gbogbo ọjọ́ Sátidé la fi ń ṣètò ìrìn àjò náà. A ó jókòó sí tábìlì yìí kan náà, àwọn pẹ̀lú ìwé, èmi pẹ̀lú bírò. Ọjọ́ mẹ́rin la fẹ́ lò. Wọ́n rán báàgì méjì, tèmi aláwọ̀ ewé, tiwọn aláwọ̀ búlúù. A jà lórí tọ́ọ̀ṣì, a jà lórí ẹni tó máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ní èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ? Tí olè bá gbé ẹ lọ, wàá kàn máa hanrun lọ léjìká ẹ̀ ni!” Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ ọṣẹ ìfọṣọ mẹ́ta sílẹ̀, èmi náà rí ibi gbẹ̀san. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fà á nù. Ọṣẹ kì í hó nínú omi òkun. Iyọ̀ inú ẹ̀ kì í jẹ́ kó hó. Ẹ fi odindi ọṣẹ fọ aṣọ kan ṣoṣo, ẹ ò ní rí ìfófó kankan.” Wọ́n ní, “Irọ́!” Mo ní, “Iṣẹ́ mi nìyẹn.” Wọ́n dìde, wọ́n kí mi bí ẹni ń kí ọba. “Kábíyèsí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlọ́ṣẹ!” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin arúgbó kan ló ń tọ́jú àwọn àgọ́ náà. Ọjọ́ Ajé kan ṣoṣo lọ́dún ló máa ń ṣí ìwé rẹ̀, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kó tó di aago mẹ́wàá gbogbo àgọ́ ti kún. Èmi ni ẹ̀gbọ́n mi fi iṣẹ́ pípè náà lé lọ́wọ́. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìfọṣọ, láàárín àwọn agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí, mo ń tẹ nọ́ńbà náà títí àtàńpàkò mi fi ń ro mí. Ó gbé e. Ó ní, “Oríire yín, ìyá. Àgọ́ kẹta ló kù, èyí tó kọjú sí omi gan-an. Ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti kọ orúkọ yín.” Ó lẹ́nu. Ó ní ìwé òun kì í gbàgbé, pé ẹni tó wá, ẹni tí kò wá, ẹni tó gbé tiẹ̀ fún ẹlòmíràn, gbogbo rẹ̀ lòun ń kọ, tí àlejò bá sì dé, òun á ka ìtàn rẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ mi ò balẹ̀.

Ibi tí mo dúró sí yẹn náà ni ọ̀gá wa ti bá mi. Obìnrin ni. Aago là ń pè é lẹ́yìn, torí kì í yé wo aago ọwọ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ náà, ìròyìn ti ń lọ pé wọ́n fẹ́ dá ènìyàn méjì dúró nínú wa, òun ló sì máa mú orúkọ lọ. Ó ń gbọn fóònù rẹ̀ bí ẹni ń gbọn ìgò òògùn. Ó ní, “Àwọn alágọ̀ọ́ etí òkun yìí ò gbé ìpè mi láti àárọ̀. Mo ti ṣèlérí fún ọkọ mi.” Ó kàn ń ráhùn ni. Kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, kò tọrọ ẹ̀. Èmi ni mo la ẹnu mi tí mo ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gba tèmi.” Ó wò mí. “Ṣé ìwọ ò fẹ́ lò ó ni?” Mo ní, “Rárá o. Mo kàn gbà á lásán ni.” Lásán! Ẹnu tí ẹ̀gbọ́n mi bọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń dúró dè mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó dà?” Mo ní, “Ó ti kún.” “Gbogbo ẹ̀?” “Gbogbo ẹ̀.” Ńṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ̀tù sí èmi lọ́kàn. “Má wulẹ̀ fajú ro. Òkun ò ní kó kúrò níbẹ̀. Ká lọ lọ́dún tó ń bọ̀.” Mo mọ ohun tí dókítà sọ, mo sì ní, “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi.” Níbi iṣẹ́, wọn ò dá mi dúró. Wọ́n kó mi kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù ńlá, wọ́n gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ, níbi tí fáànù wà. Ọ̀gá lọ, ó bọ̀. Ó ní òjò rọ̀, ariwo omi ò jẹ́ kóun sùn, ìdájí ọjọ́ kejì làwọn ti kúrò. Ẹ ṣèṣirò ẹ̀ fúnra yín. Ọjọ́ mẹ́ta ni àgọ́ náà fi wà lófìfo, tí ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń ríran. Ó fún mi ní ìkarahun òkun kan láti fi dúpẹ́. Mo tì í bọ ìsàlẹ̀ báàgì aláwọ̀ ewé.

Kí ọdún tó yí po, ojú ẹ̀gbọ́n mi ti lọ tán. Mo wá ronú pé, ó kéré tán, kí wọ́n fọwọ́ kan omi náà. Ọjọ́ Ajé yẹn pé, mo pè, baba náà sì gbé e. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti ń rẹ́rìn-ín. “Ìwé mi ò gbàgbé! Ṣebí ẹ̀yin lẹ fi àgọ́ kẹta ta ọ̀gá yín lọ́rẹ lọ́dún tó kọjá? Ẹ máa bọ̀, a óò rẹ́rìn-ín sí i.” Mo rí i bí á ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí á máa kà á sí ẹ̀gbọ́n mi létí. Mo pa fóònù. Bẹ́ẹ̀ mo ti ṣèlérí fún wọn pé bó ti wù kó rí, a ó lọ lọ́dún yìí. Ibí yìí ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ sílé, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí i gbà.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Adágún omi kan wà tí kò ju wákàtí kan lọ sílé wa. Ilé pákó àwọn apẹja wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń fi háyà. Ibẹ̀ ni mo mú wọn lọ. Kí ọ̀nà lè jìn létí wọn, a wọ bọ́ọ̀sì mẹ́ta, a yí ìlú po lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí ògiri. “Pákó nìyí. Aṣọ dà?” Mo ní wọ́n ti tún un kọ́. “Ó má ṣe o, mo fẹ́ mọ ojú rírán yẹn.” Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọ omi dé kókósẹ̀. “Kò pariwo.” Mo ní, “Òkun sinmi lónìí.” Wọ́n ní, “Jẹ́ kí n tọ́ ọ wò.” Mo ti mọ̀ pé wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dárí jì mí, mo ti mọ̀ láti ilé. Ìgò òògùn kékeré kan wà lápò mi, iyọ̀ ló kún inú rẹ̀. Mo ní, “Ẹ dúró, etí ibí dọ̀tí, ẹ jẹ́ kí n bu èyí tó mọ́ wá.” Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, bí ẹni pé wọ́n á rí mi, mo da iyọ̀ sínú ife, mo fi ìka rò ó. Wọ́n gbé e sẹ́nu. Omijé bọ́ lójú tí kò ríran mọ́ yẹn. “Ó níyọ̀ lóòótọ́! Àbúrò mi, o ò já mi kulẹ̀.” Mo fi ìkarahun ọ̀gá mi sí wọn lọ́wọ́, mo ní ẹsẹ̀ mi ló kọ lù ú nínú iyanrìn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gèlè wọn kó ẹrẹ̀. Iṣẹ́ ti mọ́ mi lára jù. Mo bu omi adágún sínú báàfù, mo mú ọṣẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, mò ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí, wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti bá mi fún un. Ìfófó ti dé ọrùn ọwọ́ wa. Ọwọ́ wọn dúró. Ó dúró bí ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe máa ń dúró tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kà. Lẹ́yìn náà wọ́n fún omi gèlè náà, wọ́n ní, “Sá a síbi tí afẹ́fẹ́ wà.” Ó parí. Ọdún méje ni mo fi ń ronú nípa ọwọ́ yẹn. Ọdún méje ni wọ́n sì fi ń gbé ìkarahun náà fún gbogbo àlejò: “Ẹ fi sétí. Àbúrò mi ló mú mi dé òkun.” Àwọn àlejò á sì kí mi pé mo ṣeun. Mò ń jẹ́ wọn lóhùn o. Ojú mi ò tilẹ̀ wálẹ̀.

Lánàá, wọ́n gbọ́ nípa ojú mi. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní, “Ojú ẹ ò gbọdọ̀ lọ láì rí òkun.” Láì rí òkun. Wọ́n tún ní, “Ọmọ mi obìnrin ti bá mi pe baba yẹn láti ilé ọkọ rẹ̀. Ẹnì kan dá àgọ́ kẹta yẹn padà, ó sì tún kọ orúkọ wa sí i. Oṣù tó ń bọ̀.” Mi ò dárúkọ àgọ́ kẹta sí wọn létí rí láyé mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ní ẹni kan tó ń dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má fi nǹkan tiwọn wá ojú rere níbi iṣẹ́. Ẹ má ní ọdún tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì kéré. Mo fẹ́ dìde báyìí. Mo fẹ́ lọ bá wọn.

Mo ti dé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀, ọ̀gá, iyọ̀, ìkarahun, bọ́ọ̀sì mẹ́ta. Wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ṣe okùn báàgì aláwọ̀ ewé tó ti já, ìka wọn ló ń bá wọn ríran. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?” Wọ́n rán an dé òpin, wọ́n fi eyín já òwú náà. Wọ́n ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí o bá ń di ẹrù, má kó ọṣẹ sí i. Kì í hó níbẹ̀.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀.” Wọ́n ju báàgì náà sí mi láyà. Wọ́n ní, “Mo ti sọ tèmi. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́.”