Ìwé Òyìnbó Tí Mo Kà Lójú Bàbá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti dìde lórí àga kí n tó kọ ìlà kan. Bí mo bá jókòó, ara mi kò lélẹ̀. Bí mo bá dìde, n kò mọ ibi tí mo ń lọ. Ẹsẹ̀ mi á kàn gbé mi gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ilé bàbá mi ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, n ó yọjú wo bẹ́ǹṣì tó máa ń jókòó lé ṣiṣẹ́, n ó sì padà. Láti ọjọ́ ìkórè ni bẹ́ǹṣì náà ti ṣófo. Bàbá tó ti ń rán bàtà kí wọ́n tó bí mi wá káwọ́ lé itan látàárọ̀ dalẹ́. Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo fà á, ẹnu mi yìí náà ni mo sì fi fà á.

Kò sí bàtà awọ tí bàbá mi kò lè rán. Àwọn ará Ìsẹ̀ àti Ẹmùré ń wá bá a. Awọ tí pásítọ̀ wa fi bo Bíbélì rẹ̀, òun ló rán an. Iṣẹ́ yìí ló fi tọ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì, nǹkan le, ó ní kí n dúró sílé kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lè parí tirẹ̀. Mo dúró. Mo kọ́ irun dídì, mo lọ́kọ, mo bímọ mẹ́ta. N kò bá a jà rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Àbí ẹni tí kò jà ti dárí jini ni?

Lọ́dún tó kọjá, agùnbánirọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwa obìnrin ìjọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Inú mi dùn débi pé mò ń gbé ìwé kiri bí ọmọ ilé-ìwé, èmi tí mo ti lé lógójì! Ó máa ń tẹ ìwé jáde fún wa láti inú fóònù rẹ̀. Ọ̀kan nínú èyí tó fún mi dá lé àwọn Òyìnbó kan tí kì í jẹ ẹran, tí wọn kì í sì í wọ ohunkóhun tó bá ti ara ẹran wá. Wọn kì í wọ bàtà awọ, wọn kì í wọ aṣọ irun àgùntàn, àní sílíìkì pàápàá, wọn kì í wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ewé ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni àwọn fi ń ṣe àpò. Mo rẹ́rìn-ín títí, èmi tí ọ̀pẹ̀ òyìnbó kún ẹ̀yìn ilé mi! Mẹ́wàá mẹ́wàá ni mò ń kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ náà, mò ń kà wọ́n sórí bí mo bá ń dirun. Oníbàárà mi kan ní, "Àǹtí, orí mi rè é o, kì í ṣe síléètì!"

Nígbà tí ìkórè dé, agùnbánirọ̀ ní kí kálukú yan ohun tí yóò kà níwájú ìjọ. Ìwé mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi: ọ̀kan lórí oko, ọ̀kan lórí omi mímu, àti ti awọ yìí. Ti awọ ni mo yàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò tí ì sọ fún ọkọ mi. Mo mọ ìtumọ̀ ìwé náà látòkè délẹ̀. Mo mọ̀ pé ó pe ẹni tó ń fi awọ ẹran ṣiṣẹ́ ní ìkà. Ó dùn mọ́ mi pé n ó sọ ọ́ lójú bàbá mi, tí kò sì ní gbọ́. Mo rò pé èdè Òyìnbó á bò mí.

Ní ìjọ wa, bí àlejò bá fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù, ògbufọ̀ a máa dúró tì í nítorí àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n wọn kì í túmọ̀ ohun tí ọmọ ìjọ bá kà lọ́jọ́ ìkórè. Ìyẹn ni mo gbójú lé. Bàtà tí bàbá mi rán fún mi ni mo wọ̀ dúró níbẹ̀. Mo kà á, ó já geere, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àfi bí bàbá mi ṣe dìde láàárín àwọn àgbà, tó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ bá mi túmọ̀ ẹ̀ o, kí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ọmọ mi ń sọ!" Ha! Ògbufọ̀ na ọwọ́ sí ìwé náà, mo dì í mú, ó rọra fà á gbà. Ó túmọ̀ rẹ̀, kò fo ìlà kan. Nígbà tó dé ibi ìkà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, síbẹ̀ ó sọ ọ́. Gbogbo èèyàn ń wo ẹsẹ̀ mi. Bàbá mi dúró gbọ́ ọ tán, òun náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a jáde, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ùwé rẹ dáa, ọmọ mi. O kú uṣẹ́." Ó délé, ó kó abẹ́rẹ́ àti òòlù rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, ó so ó lẹ́nu.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Pásítọ̀ ti lọ bá a, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ fún un: pé n kò mọ ìtumọ̀ ohun tí mo kà, pé bí ayékòótọ́ ni mo kà á. N kò já wọn nírọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ọwọ́ ara mi já okùn bàtà tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo sì sá lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni eruku fi bò ó. Òjò rọ̀ lánàá. Nígbà tí mo sáré débẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹnìkan ti gbé bàtà náà sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ páànù, ó ti nù ún mọ́. Okùn rẹ̀ ṣì já.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó jọ pé bàbá mi ti ń gbà wọ́n gbọ́ pé n kò mọ ohun tí mò ń sọ, ìyẹn ló jẹ́ kó nu bàtà náà. Ṣé kí n dákẹ́, kó rán an, kí n sì wọ irọ́ náà sẹ́sẹ̀ títí tí n ó fi kú? Àbí kí n wọlé lọ, kí n sọ pé, "Bàámi, mo mọ̀"? Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Mo tún ti dìde báyìí, ọ̀nà ilé rẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi kọ sí.