Ẹ̀rín Tí Mo Gbé Pamọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, ẹ jẹ́ kí n tú u síta. Ara mi le, ikú ò kanlẹ̀kùn. Ojú ló ń tì mí, ìtìjú náà sì ti tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí lọ́mọ jẹ́ẹ́jẹ́ tí kì í gbójú sókè bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Adákẹ́ má fọhùn, a kì í mọ tẹni tó ń ṣe.

Ilé ni màmá mi ti kọ́ mi níwèé títí mo fi dàgbà. Mi ò bá ojúgbà mi kankan jókòó rí. Àwọn àgbà tó ń bá bàbá mi tún giramafóònù ṣe ni mo máa ń jókòó tì, tí mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Nígbà tí bàbá mi kú, àwo orin kún yàrá kan dé àjà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n ní gbàǹjo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Màá gbọ́ àwo kan tán látòkèdélẹ̀, màá kọ gbogbo ibi tó ti ha, àwọn olùrà á sì máa fowó lé owó títí àkókò á fi pé. Mi ò rójú ẹnì kankan, ẹnì kankan ò rí tèmi. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, àbí mo rò bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni bàbá kan tó jẹ́ télọ̀ kọ̀wé sí mi. Ó ní, “Ọmọ mi, alábẹ́rẹ́ bíi tèmi ni ọ́. Abẹ́rẹ́ ló ń bọ́ àwa méjèèjì, àfi pé tìrẹ tó ń kọrin lórí àwo kì í gún ọ níka.” Àwo kan ló ń wá. Ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé wà lára àwọn elégbè inú rẹ̀. Nígbà tí orin fẹ́ parí, obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, wọn ò sì yọ ọ́ kúrò. “Tiwa sọnù níjọ́ tá a kó kúrò nílé. Dókítà ní etí òsì mi ti lọ, ọ̀tún náà sì ti ń tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ gbọ́ ẹ̀rín yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀kùn tó tì.”

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kó má kọ̀wé. Màmá mi rí mi tí mò ń dá rẹ́rìn-ín sí fóònù. “Ta ni yẹn? Àbí àna mi ti dé ni?”

“Oníbàárà ni, Mà.”

“Oníbàárà! Èyí tó ra gbogbo eyín ẹnu rẹ?”

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo rí àwo náà nínú páálí ẹrù kan tí mo rà. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ẹ̀rín náà wà níbẹ̀, kúkúrú, bíi ti ẹni tí wọ́n rin ní ìhà. Mo kọ “Bàbá, mo ti rí i” sórí fóònù. Lẹ́yìn náà mo pa á rẹ́. Bó bá ti rí i, kí ni yóò tún máa kọ sí mi fún? Mo kọ ọ́ pé, “Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá, mo ṣì ń wá a.” Èmi olè! Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ìgbà mẹ́fà ni mo gbọ́ ẹ̀rín aya ẹni ẹlẹ́ni.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Bàbá fúnra rẹ̀ bá irú àwo náà níbi gbàǹjo ẹlòmíràn. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó. “Alábẹ́rẹ́, bá mi gbàdúrà! Agogo mẹ́rin ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa tì í.” Bí ọmọ ṣe ń finú han òbí, ó sọ iye tí agbára rẹ̀ mọ fún mi. Mo fi orúkọ mìíràn wọlé síbẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, mo fi díẹ̀ lé iye yẹn, àwo sì di tèmi. Àwo méjì! Ìrọ̀lẹ́ náà ó kọ̀wé pé, “Ẹnì kan gbà á mọ́ mi lọ́wọ́, àfi bíi pé ó mọ inú mi.” Mo tù ú nínú. Lẹ́tà tó gùn jù lọ tó kọ sí mi nìyẹn, inú mi sì dùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò kọ nǹkan kan fún oṣù kan gbáko. Nígbà tó kọ, ó ní, “Má wá a mọ́, ọmọ mi. Etí ọ̀tún náà ti dí.”

Ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́ jìn, ẹsẹ̀ ni mo fi sáré débẹ̀. Mo fi ọ̀kan nínú àwo méjèèjì ránṣẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́, mo purọ́ pé ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni. Ó fèsì pé, “Ọmọbìnrin mi bá mi gbé abẹ́rẹ́ lé e. Nígbà tí ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbé ìka sókè kí n lè mọ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Mo ṣáà rí i. O ṣeun, Alábẹ́rẹ́. Ohun tí ìwọ náà ń wá kò ní pẹ́ kó tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́.”

Àdúrà yẹn ni mi ò lè gbé mì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń dá wà bíi tèmi, ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ má so ẹni tó fẹ́ràn yín mọ́lẹ̀ nítorí kó má baà lọ. Mo ti fi gbogbo ohun tí mo kọ yìí ránṣẹ́ sí Bàbá láàárọ̀ yìí, kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ó bá dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́.