Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà Kò Jẹ́ Kí N Fẹ́ Ṣadé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo mọ̀ pé ẹ ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán, mo ń dúró dè yín. Èmi náà ti rín in rí. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé ẹ̀sìn ni ò jẹ́ kó fẹ́ ẹni tó wù ú. Ẹlòmíì, wọ́n ní ìlú ọmọge jìnnà. Tèmi, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ni. Ẹ bá mi bi wọ́n, kí ni ìlú ńláńlá méjèèjì fẹ́ fi Ṣadé ṣe?

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó la ń gbé. Tíṣà ni Papa mi, ní Yábà. Káfíńtà ni bàbá Ṣadé, Bàbá Káyọ̀dé ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, ilé wọn kọjú sí tiwa gan-an. Àwọn méjèèjì ti ń ṣọ̀rẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Tí iṣẹ́ bá ti parí, Papa á gbé rédíò sọdá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Káyọ̀dé, wọ́n á gbọ́ ìròyìn, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Papa ni Amẹ́ríkà, Bàbá Káyọ̀dé ni Rọ́ṣíà. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ wọn, ẹ ó rò pé ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n kó ọkọ̀ ogun pamọ́ sí.

"Tíṣà, Amẹ́ríkà yín yìí náà ni àwọn àgbẹ̀ Vietnam lé bí ẹni lé adìẹ."

"Ta ló lé wọn? Ó sú wọn ni wọ́n fi lọ sílé. Ẹni tó lọ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, ta ló tó o lé?"

"Wọ́n rí òṣùpá tẹ̀, wọn ò rí igbó tẹ̀."

Èmi ni rẹfirí. Tí iná bá fẹ́ kú, màá fi igi kan sí i: "Bàbá, Papa ní Rọ́ṣíà ò tiẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi tí bàálù ń balẹ̀ lé bíi ti Amẹ́ríkà o." Bàbá á fò dìde. Ṣadé á yọjú lójú fèrèsé, á fi ojú bá mi wí. Ojú yẹn náà ló di ìfẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Káyọ̀dé fún yín. Òun ni àkọ́bí Bàbá, ẹ̀gbọ́n Ṣadé. Ó wọṣẹ́ ṣọ́jà nígbà ogun abẹ́lé wa. Ogun parí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, òun ò dé. Kò sẹ́ni tó rí i, kò sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: ta ni yóò la ẹnu sọ fún bàbá pé ọmọ rẹ̀ kú? Gbogbo wa gbà pé ó rìnrìn àjò. Màmá Ṣadé ṣì ń bu oúnjẹ tiẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì. Nítorí rẹ̀ ni Bàbá ṣe di Rọ́ṣíà. Nígbà tí ogun yẹn ń jó ilé wa, Amẹ́ríkà kọ̀, kò ta ohun ìjà fún ìjọba. Rọ́ṣíà ló ta bàálù fún wọn. Lójú Bàbá, bàálù yẹn ń fò lórí Káyọ̀dé ni, ó ń ṣọ́ ọ.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ogun Àǹgólà gbòde ni nǹkan bàjẹ́. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ èmi àti Ṣadé ti sún mọ́lé. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, rédíò ní Rọ́ṣíà ń kó ohun ìjà fún apá kan, Amẹ́ríkà ń ti apá kejì lẹ́yìn, ṣọ́jà ìjọba aláwọ̀ funfun South Africa sì ti wọlé tọ àwọn tí Amẹ́ríkà ń tì lẹ́yìn. Ta ni yóò gbè sẹ́yìn ẹni tó ń bá South Africa rìn? Gbogbo àwọn tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ló dà sọ́dọ̀ Bàbá, Papa dá wà. Wọ́n fi Papa ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo rí i pé ó ń dùn wọ́n.

Bàbá nawọ́ sókè. "Ẹni tí Rọ́ṣíà bá ràn lọ́wọ́ kì í ṣòfò lógun. Bàálù wọn kì í jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò."

Papa ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló wá pa Káyọ̀dé?"

Rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ. Bàbá ń fi ọwọ́ wá àga lẹ́yìn kí wọ́n tó jókòó. Ohùn wọn wálẹ̀: "Tíṣà, ta ló sọ fún yín? Ta ló rí i?" Bàbá pa rédíò, wọ́n gbé e lé Papa lọ́wọ́. "Ẹ máa gbé e lọ."

Nígbà tí àwọn ẹbí wa lọ bẹ̀ wọ́n nítorí ìyàwó, èsì kan ni wọ́n fún wọn: "Ẹni tó ti pa ọ̀kan fún mi, kí ló fẹ́ fi èyí tó kù ṣe?"

Ẹ má rò pé agídí ló ń ṣe Papa. Wọ́n fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀. Wọ́n bi mí pé, "Tí mo bá débẹ̀, kí ni kí n wí? Kí n ní mo parọ́, pé Káyọ̀dé ń bọ̀? Àbí kí n ní ẹ foríjì mí, òótọ́ ni mo sọ, kí n tún pa á lẹ́ẹ̀kejì?" Ẹyin lohùn. Ẹ wá bá wa kó èyí tó fọ́ yìí.

Èyí tó burú jù ni pé Màmá Ṣadé rí mi ní ọjà Ọ̀yìngbò, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bá mi kí bàbá ẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ẹkún Káyọ̀dé mì. Ọjọ́ yẹn ni mo tó ráyè sun ún. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Bàbá Káyọ̀dé gbọ́." Ṣé ẹ rí ẹrù tí wọ́n gbé lé mi? Ọ̀rọ̀ tó lé Papa kúrò nílé yẹn ló gba Màmá sílẹ̀, mi ò sì gbọ́dọ̀ sọ fún Bàbá.

Bàbá ti ra rédíò tiwọn. Ní ìrọ̀lẹ́, ìròyìn kan náà ń ti ojú fèrèsé méjèèjì jáde. Bí wọ́n bá dárúkọ Rọ́ṣíà, Papa á gbójú sókè bí ẹni ń retí èsì láti òdìkejì títì.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́ kí Papa lọ parọ́ ni, àbí kí n sọ fún Bàbá ohun tí Màmá ní kí wọ́n má gbọ́? Ẹ má pẹ́ o. Ṣadé ní kí n fọkàn balẹ̀, òun á dúró dè mí. Inú ilé Bàbá Káyọ̀dé ló ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de èèyàn níbẹ̀.