Àkùkọ Òpìpì Láti Èmùré

Ẹ bá mi kí Ọlọ́run tí kì í ka ọ̀rọ̀ adìẹ sí kékeré! Ẹ ṣé, ẹ jókòó. Èmi ni Ìyá Dáre, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ sì mọ̀ pé bí mo bá dìde báyìí, ọ̀rọ̀ mi kì í tètè tán. Ẹ forí jì mí lónìí.

Ẹni tó bá ń gba ẹ̀yìnkùlé mi kọjá mọ̀ pé adìẹ òpìpì ni mò ń sìn, àwọn tí ìyẹ́ ò kún apá wọn. Màmá mi ló fún mi ní ìyá wọn kí wọ́n tó sùn nínú Olúwa. N kì í tà wọ́n. Bí wọ́n bá ti ń ké láàárọ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé màmá mi ṣì wà lẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Búrọ̀dá Káyọ̀dé, káfíńtà wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, kan ilé tuntun fún wọn. Mo gbé òróró àdúrà, mo fi ra òpó, mo fi ra ilẹ̀kùn, mo pàṣẹ pé ẹranko búburú ò ní wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìgbàgbọ́ mi pọ̀ débi pé n kò ra àgádágodo! Okùn ni mo fi so ilẹ̀kùn. Káyọ̀dé ní, "Mà, ẹ jẹ́ n fi irin sí i." Mo ní kó lọ tún ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín o.

Bí mo ṣe ti àdúrà ìdájí dé lọ́jọ́ kan, ìyẹ́ ni mo bá káàkiri ilẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti já okùn. Òpìpì ò sì lè fò sórí igi. Nínú mẹ́sàn-án, ó ku mẹ́ta, gbogbo wọn abo, ọ̀kan ti gbọgbẹ́ lẹ́yìn. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti gbé àkùkọ lọ. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé, torí láìsí àkùkọ òpìpì, ìran adìẹ màmá mi parí nìyẹn. Mo ní, "Olúwa, ṣé òróró yẹn ò dáa ni?"

Káyọ̀dé gbọ́, ó gbé irin àti wáyà wá. Kò sọ pé "mo ti wí," Ọlọ́run bùkún un! Mo ya èyí tó gbọgbẹ́ sọ́tọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, kí àwọn yòókù má baà máa sọ ọ́ lójú egbò. Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, tàdúràtàdúrà. Ọjọ́ mẹ́ta, kò jẹun. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ṣa àgbàdo kan lọ́wọ́ mi. Mo jó!

Ṣùgbọ́n àkùkọ ńkọ́? Mo wá òpìpì mìíràn tó jẹ́ akọ títí, n kò rí.

Ọ̀sán Sátidé kan ni màmá arúgbó kan sọ̀ lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. "Ṣé ulé Ìyá Dáre rè é?" Mo ní òun ni. Wọ́n ní láti Èmùré ni àwọn ti ń bọ̀. "Lọ́dún tí ọkọ mi kú, ìyá rẹ fún mi ní òpìpì kan sìn, pé ká jọ máa pín ọmọ rẹ̀. Ìpín wọn ò tíì kúrò lọ́wọ́ mi. Ara mi ò gbà á mọ́, n ò sì fẹ́ gbé ohun olóhun lọ sọ́run." Wọ́n ṣí apẹ̀rẹ̀. Abo méjì, àti àkùkọ òpìpì! Mo ní, "Màmá, ta ló sọ fún yín?" Wọ́n ní, "Sọ kí ni?"

Ará, wọn ò gbọ́ nǹkan kan o! Kí wọ́n tó bí ìyá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn, Ọlọ́run ti fi ìpín mi pamọ́ sí Èmùré!

Màmá mi máa ń sọ pé adìẹ tó wà nílé ẹnì kan ṣoṣo, ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Mo rò pé àwàdà ni. Ní báyìí, adìẹ tó gbọgbẹ́ yẹn ti pa ọmọ mọ́kànlá. Ariwo tí ẹ ti ń gbọ́ lẹ́yìn láti ìgbà ìwàásù, kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni ló ń sunkún. Apẹ̀rẹ̀ mi ni. Ẹ bá mi yọ̀, kí gbogbo ògo jẹ́ ti Olúwa! Ẹni tó bá fẹ́ gbà sìn, ká jọ máa pín ọmọ, kó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi àgádágodo hàn mí.