Ewé Tó Wà Nínú Ìwé Mi

Bàbá àgbà, mo bẹ ẹ̀gbọ́n aránṣọ aládùúgbò wa kí wọ́n wọlé wá jókòó tì yín, torí ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin méjèèjì. Àwọn kọ́ ló pa ajá yín. Èmi ni.

Láti ìgbà tí ojú yín ti ń ṣe bàìbàì ni ajá yẹn ti ń mú yín dé ẹnu géètì lọ yáàrùn, tí ẹ fi ń pè é ní Ojú Kejì. Ẹ kìlọ̀ fún mi pé kí n má mú ewé kankan wọlé, torí ajá náà kì í rí ewé kó má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin inú ìwé ìfẹ́ tí mo yá kà ní òdòdó lójú fèrèsé, èmi náà fẹ́ dà bíi rẹ̀. Mo gé ẹ̀ka òdòdó kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo kì í bọ ife omi. Mo já ewé kan lára rẹ̀, mo fi sàmì sí ibi tí mo kàwé dé. Òmùgọ̀ ni mí.

Nígbà tí mo fọṣọ tán, ife ti dojú dé, ajá ti jẹ lára òdòdó náà, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ju ẹ̀ka tó kù sẹ́yìn ògiri, mo sì rọ mílíìkì sí i lẹ́nu, torí mo ti gbọ́ pé ó ń pa oró. Dókítà ẹranko dé, ó ní mílíìkì kì í ṣe oògùn, pé bí òun bá mọ ohun tó jẹ, òun á mọ ibi tí òun máa gbà.

Ó wò mí lójú. "Àbúrò, ṣé ewé kankan wà nínú ilé yìí?"

"Rárá, sà."

Ìwé náà wà lábẹ́ abíyá mi bí mo ṣe ń dáhùn.

Ó ní a jẹ́ pé oògùn eku ni, ìtọ́jú ìyẹn ló sì fún un. Ẹ̀yin wá rántí ẹ̀fẹ̀ ẹ̀gbọ́n aránṣọ, pé ariwo Ojú Kejì ju ti ẹ̀rọ ìránṣọ àwọn lọ, àwọn á fún un ní nǹkan tó máa pa á lẹ́nu mọ́. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń pè wọ́n ní apààyàn. Ajá kú lẹ́sẹ̀ yín, ẹ ò jáde mọ́. Mo ní kí n mú yín lọ síbi oòrùn, ẹ ní, "Fi mí sílẹ̀, ọmọ mi. Ẹni tó ń mú mi lọ ti lọ."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, bí ajá bá jẹ ewé, ẹ yọ èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ má rọ ohunkóhun fún un, ẹ mú ewé náà tọ dókítà lọ kíá. Bí ẹ ṣe ń bẹ̀rù ìbáwí ni ẹ̀mí ń bọ́.

Bàbá, ẹ na ọwọ́ yín. Ewé náà nìyí, ó ti gbẹ. N kò ka ìwé náà kọjá ibẹ̀.