Àgádágodo Tí Mo Ṣí Nítorí Géèmù

Ẹ ṣé tí ẹ wá. Ọ̀gá, ẹ jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ yẹn, àga yẹn ò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìyá Atẹ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife omi yẹn sílẹ̀ ná, ẹ má tíì fún mi. Tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, tó bá ṣì wù yín kí ẹ fún mi, màá mu. Ìyàwó mi ti gbọ́ ọ lánàá, ìdí nìyẹn tí kò fi yọjú láti àárọ̀. Dókítà ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kẹsàn-án rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi, mi ò sì ní gbé e wọ sàréè.

Iléèwé kan náà ni gbogbo wa ti ṣiṣẹ́. Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ wà nípò olórí. Ìyá Atẹ̀wé ló ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà àti wáìfáì. Onímọ̀ ẹ̀rọ lẹ máa ń pè mí. Onímọ̀ radarada. Mo ní géèmù àtẹ́lẹwọ́ kan láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, èyí tó ń pa dé bí ìwé, tó ní ojú dígí méjì. Baba ọlọ́mọ mẹ́ta, mo tún ń fi géèmù ṣeré bí ọmọdé! Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti pa ìkànnì rẹ̀ tì, àmọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ti ṣe òmíràn, èèyàn lè bá ẹni tó wà lókè òkun fi mọ́tò sáré níbẹ̀. Ó kù kí n gbé e dórí wáìfáì, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ẹ̀rọ náà ti darúgbó. Irú àgádágodo wáìfáì àtijọ́ kan ṣoṣo ló mọ̀, ìyẹn ohun tó ń dènà àjèjì, èyí tí ayé ti pa tì nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á já a kí ó tó jẹun tán. Tuntun ni wáìfáì iléèwé wa ń lò. Géèmù mi á rí i, á kanlẹ̀kùn, wọn ò ní ṣí fún un.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò le. Kí n wá àpótí wáìfáì kékeré kan lọ́tọ̀, kí n má so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kankan, kí géèmù máa lo tiẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ọ̀lẹ ni ò jẹ́ kí n ṣe é. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo wọnú àpótí wáìfáì gbogbo iléèwé, mo yí àgádágodo rẹ̀ padà sí ti àtijọ́. Géèmù mi wọlé, inú mi dùn bíi pé mo jẹ oyè. Mo ní tí mo bá ti sá eré kan péré, màá dá a padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ la rí ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ, bí Ìyá ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́, títí kan lẹ́tà tó ṣì tẹ̀ ní ìbéèrè kẹrin. Inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan ni ìbéèrè ọ̀hún wà. Àwọn olùkọ́ ò kí i mọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀rọ omi pé opó tó ń dá tọ́mọ, kí ni kò ní tà? Mo wà níbẹ̀. Mo mirí sí i bíi pé òótọ́ ni. Ìyá yìí kan náà ló máa ń bò mí láṣìírí tí mo bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ẹ dúró, ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa pè yín síwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, Ìyá, ẹ wá bá mi. Ẹ rọra sọ ọ́ ni: "Àbúrò mi, ìwọ lo mọ̀dí ẹ̀rọ yìí. Bá mi wò ó bóyá ẹnì kan wọlé. Ohun tí o bá rí ni kí o sọ, ì báà jẹ́ èmi ni mo ṣàṣìṣe."

Mo jókòó sórí àga yín, ẹ dúró lẹ́yìn mi, ọwọ́ yín wà léjìká mi. Mo ṣí àkọsílẹ̀ àwọn tó wọlé. Ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ àjèjì kan ti wọ kọ̀ǹpútà yín láago méjì ọ̀sán ku ogún ìṣẹ́jú, lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ìbéèrè jáde, ó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, ó jáde. Ní wákàtí yẹn, inú gbọ̀ngàn lẹ wà lójú gbogbo ayé, ẹ ń pe orúkọ àwọn ọmọ. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ì bá dá yín láre. Àwa méjèèjì la jọ ń wò ó, ẹ ò kàn mọ ohun tó ń sọ ni. Mo pa á rẹ́ lójú yín. Mo ní, "Mi ò rí ẹnì kankan, Mà."

Ẹ ní, "O ṣeun, àbúrò mi. O kúkú bá mi wò ó."

Kí n tó lọ jẹun ọ̀sán, mo ti dá àgádágodo tuntun padà. Níwájú ìgbìmọ̀, Ọ̀gá, ẹ bi mí, mo ní kò sẹ́ni tó lè gba ìta wọlé. Ẹ má wolẹ̀, irọ́ ni mo pa fún yín. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka tèmi ló ṣẹ̀, ti Ìyá ni wọ́n gé. Ó kó fọ́tò ọmọ rẹ̀ àti ṣíbí rẹ̀ sínú páálí, èmi ni mo bá a gbé páálí náà dé géètì. Títí dòní ló ń sọ fáwọn èèyàn pé èmi nìkan ló sin òun jáde. Kò síléèwé tó gbà á mọ́. Ọwọ́ tó ń tẹ̀wé láìwo bọ́tìnnì ló ń fọlẹ̀ ọsibítù yìí, ìdí bẹ́ẹ̀dì mi gan-an, láràárọ̀, tí á tún bu omi fún mi lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ aago náà sí i, kí n tọwọ́ bọ̀wé kí ọwọ́ yìí tó kọṣẹ́. Kí wọ́n kà á létí gbogbo iléèwé, kí orúkọ Ìyá lè mọ́. Ẹ sọ fáwọn ọmọ mi pé kì í ṣe ìwà ọ̀daràn ńlá ni bàbá wọn fi bẹ̀rẹ̀, eré ni. Géèmù náà wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn. Ó ṣì ń tàn, ojú ló tì mí láti jù ú nù.

Ìyá Atẹ̀wé, ẹ forí jì mí. Ẹ wí nǹkan kan, kódà kó jẹ́ èébú.

Ẹ ti gbé ife náà. Ẹ gbé e sójú fèrèsé, níbi tí ọwọ́ mi ò lè dé. Ó dáa bẹ́ẹ̀, Mà. Ọ̀gá, ẹ máa kọ ọ́ lọ.