Ohun Tí Mo Fi Yorùbá Sọ Kí Chinook Tó Gbéra

Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun pẹ́, mi ò lè gbé e mì mọ́. Àwọn tó mọ̀ mí ní Calgary ń pè mí ní Bọ̀dá Akin, ẹnjiníà tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló to ìràwọ̀ sójú ọ̀run. Akínbámi ni orúkọ mi gan-an. Mo ti sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí níwájú ìjọ, mo sì ti sọ ọ́ níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ pátá ní èdè tí mo fi dá ẹ̀ṣẹ̀ náà, nítorí Yorùbá ni mo fi dá a. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ń gbé ara mi níyì nínú rẹ̀, ẹ bá mi wí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa Chinook. Orúkọ tí a sọ ọkọ̀ kékeré kan nìyẹn, tí a ṣe pé kó lọ wo Mars, tí kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Atẹ́gùn gbígbóná tó máa ń ti orí òkè wá yọ́ snow wa ní ilẹ̀ yìí la fi sọ ọ́ lórúkọ. Kò ga ju fíríìjì inú kíṣìnnì mi lọ, ó sì rẹwà. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kí ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: mo máa ń kí i láàárọ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ẹlòmíràn ni yóò gbé e kúrò nílẹ̀ láti òkèèrè, yóò fi í sílẹ̀ kó máa yí ayé po nítòsí, lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì Chinook fúnra rẹ̀ yóò wá tan, tí yóò kọjú sí Mars. Iṣẹ́ àwa tí a wà ní Calgary ni láti kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí yóò ṣe tan ẹ́ńjìnnì yẹn. Èmi ni olórí àwọn tó ṣe é. Nínú gbogbo ilé iṣẹ́ wa kékeré yẹn, èmi àti ẹnì kan ṣoṣo la jẹ́ Yorùbá.

Mọ́láyọ̀ ni ẹni náà. Ó wá kàwé ní yunifásítì níbí, èmi àti Bísọ́lá ìyàwó mi la lọ pàdé rẹ̀ ní airport, snow ń já bọ́, ọmọ náà sì wọ sálúbàtà. Inú basement, yàrá abẹ́ ilé wa ní àdúgbò Martindale, ló gbé títí ó fi jáde ìwé. Èmi ni mo mú un wọ ilé iṣẹ́ wa. Iṣẹ́ yẹn ni PR rẹ̀, ìwé tí yóò jẹ́ kó máa gbé Kánádà títí, gbára lé; bí iṣẹ́ bá bọ́, PR náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì nìyẹn. Kò fi ọjọ́ kan pè mí lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń jẹ́, orúnkún rẹ̀ a sì kanlẹ̀ bó bá ń kí mi, àní níbi iṣẹ́, níwájú àwọn òyìnbó tó ń wò wá tìyanu-tìyanu. Mo máa ń sọ fún un pé kó má ṣe é níbẹ̀. Irọ́ ni mo ń pa, inú mi ń dùn sí i.

Ọmọ yìí mọ iṣẹ́. Mo kọ́ ọ ní díẹ̀, ó sì ti kọjá mi kí n tó fura. Bí mo bá wo nǹkan tí mo ní ó dára, òun a jókòó tì í, a máa bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀, títí àṣìṣe inú rẹ̀ yóò fi yọjú. Mo máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí n máa wò ó. Bí mo ṣe ń yìn ín nínú ọkàn mi tó, mi ò sọ ọ́ fún un rí.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí Chinook tó lọ, ó rí nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà nínú Chinook, kí ọ̀kan lè ran èkejì lọ́wọ́. Nígbà tí Mọ́láyọ̀ ń dán wọn wò, àwọn méjèèjì jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n jọ kú, wọ́n tún jọ tan, wọn ò sì rántí mọ́ pé ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fẹ́ tan. Ó tún dán an wò, kò ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, I don't like it. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa kó tó lọ." Mo ní wáyà tó fi dán an wò ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Mars kì í sún mọ́ ayé nígbà gbogbo. Bí àsìkò yẹn bá kọjá lára wa, a máa dúró tó ọdún méjì. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn, òótọ́ sì ni. Èyí tí mi ò sọ ni pé Heather, ọ̀gá wa, ti fi mí ṣe olórí àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ jù mí lọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwa méjì tó wá láti Nàìjíríà ló dá gbogbo wọn dúró. Mo ti ròyìn Chinook fún gbogbo ìjọ wa ní àdúgbò Temple. Mo ti pe àwọn ará ilé lórí fóònù. Ìgbéraga lásán ni, kò ní orúkọ míì.

Ọjọ́ ìpàdé ìkẹyìn pé. Àṣà wa ni pé kí a tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, Heather á yí tábìlì po, á bi ẹnì kọ̀ọ̀kan bóyá nǹkan kan wà tó ń kọ ọ́ lóminú. Bí ẹnì kan péré bá ní ó wà, gbogbo wa dúró nìyẹn. Àṣà tó dára ni, èmi fúnra mi ti fi í yangàn fún àwọn àlejò. Ó kan Mọ́láyọ̀. Ó la ẹnu. Mo yára fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ẹni tó ń wò mí lè rò pé mò ń fún un níṣìírí ni: "Mọ́láyọ̀, má dójú tì mí níwájú àwọn èèyàn yìí. Èmi ni mo mú ẹ wá síbí." Ó wò mí. Ó wo tábìlì. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ẹni tó ń gbàdúrà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ń bà mí o."

Heather béèrè ohun tó sọ. Mo ní, "She says she's excited. She's good to go."

Ẹ má bi mí bóyá Mọ́láyọ̀ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbọ́ ọ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n kó tó lè sọ pé irọ́ ni mo pa, ó gbọ́dọ̀ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní onírọ́ lójú àlejò, wọn ò sì tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní sọ ọ́. Ohun tí mo gbójú lé nìyẹn. Heather kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra, ó lọ geere. A pàtẹ́wọ́, a dì mọ́ra wa. Ó fi Chinook sí ibi tó yẹ kó fi í sí gẹ́lẹ́. A wá ń retí kí ẹ́ńjìnnì tan. Kò tan. Chinook kàn ń yí ayé po bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò mọ ilé tó ń lọ mọ́, a ń pè é, kò dáhùn. Kò sẹ́ni tó rò ó pé a máa nílò láti bá a sọ̀rọ̀ nítòsí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà jíjìn la ṣe àwọn àwo ńlá tí a fi ń pè é fún, Chinook a sì ti sáré kọjá kí wọ́n tó yíjú sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a ò bá rí nǹkan ṣe sí i, yóò jóná lójú ọ̀run.

Ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Mọ́láyọ̀ sọ fún wọn pé òun ti rí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ ní ìpàdé. Kò dárúkọ mi. Heather wá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó bi mí bóyá ọmọ náà sọ ọ́ fún mi rí. Mo wo obìnrin náà lójú, mo ní, "If she had told me, I would have stopped everything." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n lé Mọ́láyọ̀. Akínbámi, àbí irú èèyàn wo nìwọ? Ó rí iṣẹ́ ní warehouse kan lẹ́bàá airport, ó ń to páálí, irú iṣẹ́ yẹn ò sì lè ti PR rẹ̀ lẹ́yìn. Bísọ́lá ń sunkún nílé, ó ń bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn ọ̀gá mi sọ ọ́. Mo ní kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i.

Bóyá ẹ rò pé ibẹ̀ ni mo dé tí mo dúró. Ní ọjọ́ Sátidé kan, Mọ́láyọ̀ pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ bú mi ni. Ó kí mi, ó béèrè ọmọ wa, ó wá ní Chinook ò kúrò lọ́kàn òun, pé bí òun ṣe ń to páálí ni òun ń rò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò kú o. It's just waiting. Ìgbàkígbà tó bá jáde nínú òjìji ayé, tí oòrùn kan pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀, á jí, á tẹ́tí díẹ̀ kó tó tún kú. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú un. Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Àwo kékeré tó tètè ń yíjú, ọ̀rọ̀ kúkúrú." Mo dúró nínú gáréèjì, fóònù wà létí mi. Lójú mi, gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere lójijì. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń sọ ọ́ fún mi, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe. Ó ní, "Chinook ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Mo gbé èrò náà lọ bá Heather lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sì pè é ní tèmi. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù, nítorí kò sí ẹni tó ń lé mi, kò sì sí ẹ̀rù kankan tó ń bà mí. Mo kàn fẹ́ ẹ ni. A ṣe é bí Mọ́láyọ̀ ṣe wí gẹ́lẹ́, Chinook sì dáhùn. Ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́: bátìrì òun nìyí, ara òun le, òun ń retí ohun tí a fẹ́ kí òun ṣe. Láti ọjọ́ tó ti wà lókè yẹn, kò ṣe ju ohun tí a kọ́ ọ lọ, àwa la kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Mo sunkún. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Ìròyìn náà dé ìjọ, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí. Pásítọ̀ pè mí ní ẹni tí Ọlọ́run lò láti jí òkú lójú ọ̀run. Wọ́n kọrin, wọ́n jó, wọ́n gbé máìkì lé mi lọ́wọ́. Mo rí Mọ́láyọ̀ lẹ́yìn pátápátá, ó pọn ọmọ ọlọ́mọ kan, ó ń pàtẹ́wọ́. Mo wá ìbínú lójú rẹ̀, mi ò rí. Inú rẹ̀ ń dùn pé Chinook wà láàyè. Nídìí ohun tí mo jí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá mi yọ̀.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹpẹ, mo sì ní, "Ẹ má kọrin fún mi. Mọ́láyọ̀ ló ṣe é. Ó kìlọ̀ fún mi kí Chinook tó lọ, mo pa á lẹ́nu mọ́, mo parọ́ mọ́ ọn, wọ́n lé e, mo tún jí ọgbọ́n rẹ̀." Ẹni tó ń tẹ dùùrù ò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Bísọ́lá dìde, ó kọjá lára mi, ó lọ dúró ti Mọ́láyọ̀. Nígbà tí a ń lọ sílé, Ṣeunfúnmi ọmọ wa ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn mọ́tò. Ó bi mí pé, "So it was Aunty Mọ́láyọ̀ the whole time?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Then tell her boss, Daddy. Not just church."

Mo sọ ọ́ fún Heather lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ Yorùbá yẹn gan-an àti ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní, "She said she was afraid, and I was sitting right there." Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, ó sì tọ́ sí mi. Wọ́n pe Mọ́láyọ̀ padà, wọ́n fi í sí àyè mi, ọ̀rọ̀ PR rẹ̀ sì ti padà sójú ọ̀nà.

Bísọ́lá ló sọ èyí tó kù fún mi, nítorí òun ni Mọ́láyọ̀ sọ ọ́ fún. Àsìkò Mars ti kọjá. Ṣùgbọ́n Mọ́láyọ̀ ní epo tó yẹ kó gbé Chinook débẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ digbí, pé ó lè gbé e ga kúrò níbi tó ti ń já bọ̀, kó máa wo oòrùn fún wa láti òkè lọ́hùn-ún. Wọ́n múra sílẹ̀. Heather yí tábìlì po, ó kan Mọ́láyọ̀, Mọ́láyọ̀ sì ní, "I have a concern." Gbogbo wọn gbé kálàmù sílẹ̀, wọ́n yíjú sí i. Wọ́n dúró nítorí rẹ̀, wọ́n dán kọ̀ǹpútà méjèèjì wò títí wọ́n fi rí ohun tó ń pa wọ́n, wọ́n sì tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n wá ní kí ẹ́ńjìnnì tan, ó tan.

Mò ń wa mọ́tò bọ̀ láti ìlú Okotoks, níbi tí mo ti rí iṣẹ́ kékeré kan, nígbà tí Bísọ́lá pè mí láti sọ fún mi. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbójú sókè. Ọ̀sán gangan ni, kò sí ohun tí mo lè rí. Síbẹ̀, mo kí i.

Mọ́láyọ̀ wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ni orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mi ò lè dúró wò ó. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, èmi àgbàlagbà, snow wọ inú ẹ̀wù mi, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì ní kó má kúnlẹ̀ fún mi mọ́ láé. Ó fà mí dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, màá kúnlẹ̀ o. Orúnkún mi ni mo fún yín. Mi ò fún yín lẹ́nu mi."

Kò tíì sọ pé òun dárí jì mí. Mo tún ń bẹ̀ ẹ́ níbí, lójú gbogbo yín, bó bá sì pẹ́ kó tó dá mi lóhùn, màá dúró. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀gbọ́n kan mú wá sí ìlú yìí, ẹ kí i bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ sì dìde kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí àbúrò yín bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ jẹ́ kí gbogbo tábìlì gbọ́ ọ bó ṣe sọ ọ́. Chinook ṣì wà lókè, ó ń kọjá lórí Calgary bí mo ti ń kọ èyí. Ohùn Mọ́láyọ̀ ló ń gbọ́.